Bí A Ṣe Ń Dá Àwọn Àfòpiná Tí Ó Jọra Mọ̀: Àpẹẹrẹ Láti Oko Àgbàdo

Àwọn àgbà ní labalábá fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí rú lójú, nítorí pé àti ọmọdé àti àgbà ni ó mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹyẹ àti labalábá. Ibi tí iṣẹ́ wà ni ibi tí labalábá gbé fi ara wé labalábá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì, tí ìṣe wọn sì yàtọ̀ gidigidi. Nígbà náà ni ojú lásán kò tó, tí ó di dandan kí ènìyàn tú ara kòkòrò náà wò, kí ó mọ bí ẹ̀yà ara rẹ̀ ti rí, kí ó tó lè pe orúkọ rẹ̀. Ọ̀ràn tí àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀ wò kan oko àgbàdo, ó kan àpò àgbẹ̀, ó sì kan ilẹ̀ Ìgbómìnà láti Òmù-Àrán dé Èsìẹ́ àti gbogbo abúlé tí ó yí wọn ká.

Àfòpiná ni orúkọ tí Yorùbá fún àwọn ìbátan labalábá tí ń fò ní òru, tí iná àtùpà ń fà mọ́ra títí wọn yóò fi fò lù ú, bóyá kí iná ó kú, bóyá kí àwọn fúnra wọn ó kú. Orúkọ náà bá ìṣe wọn mu, ṣùgbọ́n ó kó àìmọye irú sábẹ́ òrùlé kan. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí pẹ̀lú ọmọ wọn, èyí tí ń fi àyà wọ́ kí ó tó hu ìyẹ́: kòkòrò ni gbogbo wọn lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Kì í ṣe pé ojú Yorùbá kò tó ìyàtọ̀. Níbi tí oúnjẹ tàbí owó bá wà, èdè a máa yà wọ́n sọ́tọ̀ kíákíá. Kanni, ọmọ àfòpiná ńlá kan tí ń jẹ ewé igi ẹ̀mí, ní orúkọ tirẹ̀, nítorí pé wọ́n ń sè é, wọ́n ń sá a, wọ́n sì ń tà á lọ́jà ní Ìpínlẹ̀ Kwara. J. O. Fasoranti àti D. O. Ajiboye kọ nípa rẹ̀ ní 1993, nínú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí àwọn kòkòrò jíjẹ ní ìpínlẹ̀ náà. Òwú sányán, tí ó níyì lára aṣọ òkè, láti inú ilé tí ọmọ àfòpiná mìíràn kọ́ ni ó ti ń wá, àwọn tí ń wá a kiri nínú igbó kì í sì í ṣi igi mú. Ṣùgbọ́n àfòpiná wẹ́wẹ́ aláwọ̀ eérú, tí kò ṣeé jẹ, tí kò ṣeé hun, ta ni yóò jókòó fún un lórúkọ?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016, kòkòrò kan ya bo oko àgbàdo ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Kò bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó wọ oko ìwádìí IITA ní Ìbàdàn àti ní Ìkẹ́nnẹ́ pàápàá, níbi tí àwọn onímọ̀ kòkòrò gbé ń ṣiṣẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tí ó wá sí ọkàn àwọn ènìyàn ni pé àwọn kòkòrò ilẹ̀ yìí, tí wọ́n ti mọ̀ tipẹ́, ni ó tún gbé ìṣe wọn dé. Èrò náà kò burú, nítorí pé ìdílé àfòpiná tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Spodoptera kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ Afíríkà. Spodoptera exempta wà níbẹ̀, èyí tí í máa jáde ní agbo ńlá nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, tí ó ń rìn láti oko dé oko bí ọmọ ogun, tí ó sì ń jẹ koríko àti àwọn ohun ọ̀gbìn tí ó bá koríko tan, gẹ́gẹ́ bí àgbàdo, ọkà bàbà àti ìrẹsì. Spodoptera littoralis wà níbẹ̀, èyí tí òwú, tòmátò àti oríṣiríṣi ewébẹ̀ jẹ́ oúnjẹ fún. Spodoptera exigua náà wà níbẹ̀, èyí tí ó kéré ju àwọn yòókù lọ.

Bí àwọn onímọ̀ ti ń wo èyí tí ó dé yìí sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rí i pé kò bá ọ̀kankan nínú àwọn mẹ́ta náà mu. Ní oṣù October 2016, Georg Goergen, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ fún IITA ní orílẹ̀-èdè Benin, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́rin, tẹ ìwé jáde láti fi hàn pé Spodoptera frugiperda ni. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni kòkòrò yìí. Láti 1797 ni J. E. Smith ti ṣe àpèjúwe rẹ̀ tí ó sì fún un lórúkọ, ṣùgbọ́n títí di àkókò tí à ń wí yìí, kò sí ẹni tí ó rí i kí ó tẹ̀dó sí oko kan ní ilẹ̀ Afíríkà.

Wọ́n máa ń sọ pé inú obì ni kòkòrò tí ń jẹ obì wà. Ti àgbàdo yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Òkè òkun ni ó ti wá. Àmọ́ o, àgbàdo fúnra rẹ̀, òkè òkun kan náà ni ó ti wá, nítorí pé lẹ́yìn tí àwọn ará Yúróòpù dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1492 ni ó tó rékọjá sí ilẹ̀ wa. Oúnjẹ ni ó ṣíwájú. Ẹni tí ń jẹ ẹ́ tẹ̀lé e lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀rúndún márùn-ún.

Kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́jú, ẹ jẹ́ kí á pe Spodoptera frugiperda ní àjòjì, kí á sì pe Spodoptera exempta ní onílé. Ènìyàn lè béèrè pé kí ni àgbẹ̀ fẹ́ fi orúkọ ṣe, nígbà tí ó jẹ́ pé àgbàdo ni àwọn méjèèjì ń jẹ. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jẹ ẹ́ kò dọ́gba. Onílé a máa dé lójijì, á jẹ ewé ní gbangba, á sì wábi gbà lọ. Ní ọdún mìíràn ẹ̀wẹ̀, kì í wá rárá. Bí wọ́n bá fọ́n oògùn sí i, oògùn á kàn án lára. Àjòjì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó bá ti dàgbà díẹ̀, àárín gbùngbùn àgbàdo ni ó ń kó sí, níbi tí àwọn ewé tuntun ti ká ara wọn mọ́ra, á sì fi ìgbẹ́ ara rẹ̀ tí ó dà bí ìyẹ̀fun pákó dí ẹnu ọ̀nà. Oògùn tí wọ́n bá fọ́n ní ọ̀sán gangan, orí ewé ni yóò gbẹ sí. Láti ibẹ̀ ni yóò ti mú ìrùkẹ̀rẹ̀ jẹ, nígbà tí àgbàdo bá sì yọ ọmọ, yóò lu ọmọ náà wọlé. Kì í sì í wábi gbà lọ, nítorí pé níbi tí kò bá ti sí òtútù líle, ìran kan ń tẹ̀ lé ìran kan láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Láti ẹyin títí di àfòpiná kò ju nǹkan bí 30 ọjọ́ lọ ní ìgbà ooru. Àgbàdo àkọ́rọ̀ ń bọ́ ọ, àgbàdo àròkúrò ń bọ́ ọ, èyí tí wọ́n gbìn sí àkùrọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn á sì gbé e dé òjò tí ń bọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá pe àjòjì ní onílé yóò fọ́n oògùn sí ibi tí kò yẹ, ní wákàtí tí kò yẹ, yóò sì máa retí pé kí ó lọ. Owó ni yóò fi kọ́ ọgbọ́n.

Ìdánimọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti ara ọmọ, nítorí pé òun ni ó wà lóko. Àjòjì tí ó ti dàgbà ní àmì funfun kan ní iwájú orí, tí ó rí bí lẹ́tà Y tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò. Àmì yìí nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí pé àwọn mìíràn nínú ìdílé náà a máa ní ilà tí ó jọ ọ́. Ohun tí ó dára jù ni kí ènìyàn wo ẹ̀yìn rẹ̀. Lórí oríkèé ikùn kẹjọ, nítòsí ìdí, àmì dúdú mẹ́rin wà tí ó yọ sókè díẹ̀, tí irun kọ̀ọ̀kan hù jáde láti orí wọn, tí a bá sì fa ilà láti ọ̀kan dé èkejì, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á dọ́gba bí ojú pátákó ayò ọlọ́pọ́n mẹ́rin. Lórí àwọn oríkèé tí ó kù, mẹ́rin náà ni, ṣùgbọ́n méjì iwájú sún mọ́ra ju méjì ẹ̀yìn lọ. Ara onílé ní tirẹ̀ ń dán bí àrán, kò sì ní irú kókó bẹ́ẹ̀. Ti littoralis ní àmì dúdú tí ó tẹ̀ bí oṣù tuntun ní oríkèé ikùn àkọ́kọ́ àti ìkẹjọ.

Àwọ̀ ni ohun tí ènìyàn kọ́kọ́ ń wò, òun náà sì ni ó máa ń tan ènìyàn jẹ jù. Nígbà tí onílé bá dá wà, àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ tí ó rọ̀ ni ó máa ń ní. Nígbà tí wọ́n bá pọ̀ lójú kan, wọ́n á di dúdú kirikiri pẹ̀lú ilà tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Ọmọ ìyá kan náà ni, àwọ̀ méjì. Àjòjì náà sì lè jẹ́ àwọ̀ ewé, ó lè pọ́n rúsúrúsú, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Irú kan wá ní àwọ̀ mẹ́ta, irú mẹ́ta sì ní àwọ̀ kan.

Àwọn kòkòrò kan tún wà tí wọ́n ń gbé inú pòròpórò àgbàdo, gẹ́gẹ́ bí Busseola fusca àti Sesamia calamistis. Wọn kì í ṣe ọmọ ìdílé Spodoptera rárá, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, Busseola a máa jẹ ewé àárín, ihò tí ó sì ń lù sára ewé lè mú kí àgbẹ̀ fura sí ẹni tí kò ṣẹ̀. Ara wọn ń dán láìsí àmì mẹ́rin tí a sọ, ti Sesamia a sì máa pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́.

Nígbà tí ọmọ bá wọ inú ilẹ̀ lọ yí padà, tí ó sì jáde gẹ́gẹ́ bí àfòpiná, iṣẹ́ ìdánimọ̀ á tún le sí i. Àfòpiná àjòjì, bí ó bá na ìyẹ́ rẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì, a máa tó milimítà 32 sí 40. Ìyẹ́ iwájú akọ ní àwọ̀ eérú pẹ̀lú pupa rúsúrúsú, àmì funfun onígun mẹ́ta sì wà ní ṣóńṣó rẹ̀, òmíràn sì wà nítòsí àárín. Ìyẹ́ ẹ̀yìn funfun bí fàdákà, ilà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà ní etí rẹ̀. Tí ó bá jẹ́ pé akọ nìkan ni ó wà láyé, ìbá rọrùn. Abo kò ní àmì funfun wọ̀nyí dáadáa. Àwọ̀ eérú lásán ni, ó sì jọ abo onílé tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà lè ṣì í pè. Littoralis ní àwọn ilà funfun tí ó kọjá lórí ara wọn ní ìyẹ́ iwájú bí àwọ̀n. Exigua kéré, àmì róbótó tí ó pọ́n díẹ̀ sì wà ní àárín ìyẹ́ rẹ̀. Ní ti onílé, ìdí rẹ̀ ni kí ènìyàn wò: ìpẹ́ tí ó bo ìdí abo dúdú bí èédú, ó sì le bí irun burọ́ọ̀ṣì; ní ìdí akọ, àwọn ìpẹ́ dúdú kan wà tí orí wọn fẹ̀ bí ìpọnkọ. Àjòjì kò ní irú wọn.

Ẹni tí ó bá wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́, èyí tí wọ́n ṣí ní 1945, yóò lóye ọ̀rọ̀ yìí kíákíá. Àwọn ère òkúta tí ó wà níbẹ̀ lé ní 800. Àlejò tí ó kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà á rí òkúta eérú tí ó jókòó, òkúta eérú tí ó kúnlẹ̀, á sì rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Nígbà tí ó bá dúró, tí ó wo irun tí wọ́n dì, ilà tí ó wà lójú, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, àti ohun tí ọwọ́ dì mú, ni yóò tó mọ̀ pé oríṣiríṣi ènìyàn ni. Kì í ṣe bí ère ti tóbi tó tàbí àwọ̀ rẹ̀ ni ó sọ ìyàtọ̀ fún un. Àwọn ohun kékeré tí agbẹ́gilére ìgbà náà mọ̀ọ́mọ̀ gbẹ́ síbẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ìyẹ́ àfòpiná kì í ṣe òkúta. Ohun tí ó ń fún un ní àwọ̀ ni ìpẹ́ wẹ́wẹ́ tí ó tò lé ara wọn bí ìkànlẹ̀ òrùlé. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti fọwọ́ kan labalábá rí mọ̀ ọ́n, nítorí pé òun ni ìyẹ̀fun tí ó máa ń kù sí ìka. Àfòpiná tí ó ti fò jìnnà (àjòjì sì lè bá afẹ́fẹ́ rin nǹkan bí 100 kilomítà ní òru kan) tàbí èyí tí ó ti ja ìjàkúrọ̀ nínú ẹ̀gẹ́ láti alẹ́ dé òwúrọ̀, ìpẹ́ rẹ̀ á ti rẹ̀ dànù, àmì á sì ti pa rẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ yìí gba àlàyé díẹ̀. Láti mọ̀ bóyá àjòjì ti dé agbègbè kan, wọ́n ń fi òórùn tí ó jọ ti abo rẹ̀ sínú ike, akọ á gbọ́ òórùn náà, á wá, á sì há. Iye tí ó bá há ni wọ́n fi ń mọ bí ọ̀tá ti pọ̀ tó. Ọgbọ́n yìí dára, àfi pé ẹlòmíràn náà ń gbọ́ òórùn ọ̀hún. Ní orílẹ̀-èdè Togo, wọ́n rí i pé akọ Leucania loreyi, àfòpiná kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí koríko gbígbẹ, ń kó sínú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n dẹ fún àjòjì lọ́pọ̀ yanturu. Bí akọ̀wé kan bá ka gbogbo ohun tí ó há láìwò wọ́n finnífinní, yóò pariwo ọ̀tá níbi tí ọ̀tá kò sí. Ìyẹ́ wọn lè ti bó, síbẹ̀ ẹ̀rí kan wà tí kì í bó: ojú wọn. Bí a bá fi awò wo ojú Leucania, irun tínńtínní ni ó hù sórí rẹ̀. Ojú Spodoptera mọ́lẹ̀ láìní irun kankan. Ohun kékeré báyìí ni ó fi ìdílé méjì hàn yàtọ̀.

Láàárín ìdílé kan náà ńkọ́, nígbà tí ojú kò ní irun, tí ìyẹ́ ti bó, tí orí kò sì sọ ohunkóhun? Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ gbé ń yíjú sí ẹ̀yà ìbímọ. Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ti ẹnikẹ́ni lójú, nítorí pé láti ọ̀rúndún 19 ni ó ti jẹ́ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ ìdánimọ̀ kòkòrò. Ẹ̀yà yìí le, kì í jẹrà bọ̀rọ̀. Inú ikùn ni ó wà, afẹ́fẹ́ àti ìjàkadì kì í fi bẹ́ẹ̀ bà á jẹ́. Oúnjẹ tí kòkòrò jẹ tàbí bí wọ́n ti pọ̀ tó lójú kan kì í yí i padà bí ó ti ń yí àwọ̀ padà. Èyí tí ó ya ènìyàn lẹ́nu jù ni pé, irú méjì tí ohun gbogbo lára wọn dọ́gba, ẹ̀yà yìí sábà máa ń yàtọ̀ nínú wọn. Ní 1844, Léon Dufour, dókítà ará Faransé kan, ṣe àlàyé rẹ̀ pé bí àgádágodo àti kọ́kọ́rọ́ ni akọ àti abo irú kọ̀ọ̀kan rí, tí kọ́kọ́rọ́ ilé kan kò fi lè ṣí ti ilé kejì. Àlàyé náà dùn létí, ọ̀pọ̀ ìwé sì ń tún un sọ, ṣùgbọ́n kò bá gbogbo ohun tí àwọn onímọ̀ rí mu, nítorí pé ọ̀pọ̀ àgádágodo ni kì í kọ kọ́kọ́rọ́ àjèjì. Ní 1985, W. G. Eberhard kọ ìwé odidi lórí rẹ̀, ó sì gbà pé yíyàn tí abo ń yan akọ ni ó ń mú kí ẹ̀yà akọ máa yí padà kíákíá láti ìran dé ìran. Èyí ó wù kí ó jẹ́, àǹfààní rẹ̀ fún ẹni tí ń wá orúkọ kòkòrò kò yẹ̀.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí. Wọ́n á kọ́kọ́ mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Lábẹ́ ìyẹ́ ẹ̀yìn, níbi tí ó ti so mọ́ àyà, irun líle kan wà tí ó ń so ìyẹ́ ẹ̀yìn mọ́ ti iwájú nígbà tí kòkòrò bá ń fò. Ti akọ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ti abo ju ẹyọ kan lọ. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á gé ikùn kúrò, wọ́n á sì rì í sínú omi tí wọ́n po potassium hydroxide sí, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, títí di ọjọ́ kejì, tàbí kí wọ́n gbé e sórí iná díẹ̀díẹ̀ kí ó lè yá. Omi yìí jẹ́ ìbátan omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú, ohun tí omi eérú sì ń ṣe sí ọ̀rá ni ó ń ṣe sí inú kòkòrò: ẹran àti ọ̀rá á yọ́ dànù, kìkì ohun líle ni yóò kù. Wọ́n á fi omi mímọ́ ṣàn án, wọ́n á fi burọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn ìpẹ́ kúrò, lẹ́yìn náà wọ́n á gbé e sábẹ́ maikirosíkópù, wọ́n á sì fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ fa ẹ̀yà ìbímọ náà jáde. Wọ́n á pa á láró kí ó lè hàn, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, wọ́n á sì fi oje igi tí ó mọ́ gaara lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀.

Nọ́ńbà kan náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ sára gíláàsì àti sára abẹ́rẹ́ tí ó gún àfòpiná tí wọ́n ti gé e. Ẹni tí ó bá gbàgbé èyí ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, bí ó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n gé tó, nítorí pé ikùn tí kò mọ olówó rẹ̀ kò lè jẹ́rìí.

Kí ni wọ́n wá ń rí? Akọ ní abala méjì tí ó kọjú sí ara wọn bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, tí ó fi ń di abo mú. Ní inú abala kọ̀ọ̀kan, ìkọ́ kékeré kan wà. Nínú àjòjì, abala yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ ní igun mẹ́rin bí ojú fèrèsé, etí rẹ̀ sì lọ geere: ní ọ̀gangan ibi tí ṣóńṣó ìkọ́ náà dé, kò sí ibi tí ó gé wọnú. Àìsí yìí gan-an ni ẹ̀rí. Ní ti abo, ihò kan wà lábẹ́ ikùn tí ó já sí ọ̀nà tóóró, ọ̀nà náà sì já sí àpò kan níbi tí nǹkan ọmọ akọ ń wà ní ìpamọ́. Ọ̀pọ̀ irú àfòpiná ni ó ní àmì líle kan nínú ògiri àpò yìí, bí ìgbà tí wọ́n rán ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ inú àpò aṣọ. Ti àjòjì kò ní. Gbogbo èyí ni ènìyàn lè rí láìsí ẹ̀rọ olówó ńlá.

Goergen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò fi mọ síbẹ̀. Wọ́n tún yẹ DNA kòkòrò náà wò, wọ́n sì fi wé ti àwọn tí ó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá. Ohun méjì jáde níbẹ̀. Èkíní, DNA fi ọwọ́ sí ohun tí ara kòkòrò ti sọ: frugiperda ni. Èkejì, ó kéré tán, ìlà ìran méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà nínú èyí tí wọ́n mú lórí àgbàdo ní Nàìjíríà àti ní São Tomé, èyí tí ó mú kí wọ́n rò pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àjòjì wọ ilẹ̀ Afíríkà. Ara kò lè sọ irú ìyẹn. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti mọ̀ pé agbo méjì ni ó wà nínú frugiperda fúnra rẹ̀, ọ̀kan fẹ́ràn àgbàdo, èkejì fẹ́ràn ìrẹsì àti koríko. Ẹni tí ó bá sì tú ikùn wọn wò láti òwúrọ̀ di alẹ́ kò ní rí ìyàtọ̀ kan. Ẹni tí ó bá ń sọ pé DNA ti sọ abẹ́rẹ́ àti maikirosíkópù di ohun àná kò tíì wo ẹgbẹ̀rún àfòpiná tí ó há sínú ẹ̀gẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Owó ta ni yóò san DNA gbogbo wọn? Bẹ́ẹ̀ sì ni DNA tí wọ́n fi pamọ́ láti fi ṣe òṣùwọ̀n, ara kòkòrò tí ẹnìkan ti kọ́kọ́ dá mọ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́.

Láti 2016, ìrìn àjòjì kò dúró. Láàárín ọdún méjì, ó ti kárí ọ̀pọ̀ jù lọ orílẹ̀-èdè tí ó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Ó dé India ní 2018, ó wọ China ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, ó sì dé Australia ní 2020. Ohun ọ̀gbìn àti koríko tí wọ́n ti rí i lórí wọn ju 350 irú lọ. Ní 2017, àjọ CABI ṣírò rẹ̀ pé bí wọn kò bá ṣe nǹkan kan sí i, àdánù àgbàdo ní orílẹ̀-èdè 12 ní Afíríkà lè tó mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 8.3 sí 20.6 lọ́dọọdún. Nọ́ńbà bí èyí tóbi ju ohun tí ọkàn lè gbá mú. Àgbẹ̀ tí ó ní sarè méjì àgbàdo ní ẹ̀bá ọ̀nà Òmù-Àrán sí Èsìẹ́ kò ní fi mílíọ̀nù ka tirẹ̀; iye apẹ̀rẹ̀ tí ó kù fún un ní ìparí ìkórè ni yóò fi kà á.

Iṣẹ́ tí ilé ẹ̀kọ́ lè ṣe níhìn-ín kò kéré. Òmù-Àrán ní Landmark University láti 2011, èyí tí ó fi iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣe pàtàkì, àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama sì wà káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà. Awò alọ́wọ́ kan, ike tí ó ní ìdérí, ọtí líle díẹ̀ láti fi tọ́jú ọmọ kòkòrò, àti ìwé kékeré tí wọ́n ó kọ ọjọ́, oko àti ohun ọ̀gbìn sí, ó tó fún kíláàsì kan láti fi bẹ̀rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ka àmì mẹ́rin lórí oríkèé kẹjọ, kí ó yà á sínú ìwé, kí ó sì kọ ohun tí ó rí, kì í ṣe ohun tí ó rò pé ó yẹ kí òun rí. Iṣẹ́ títú ikùn wò ṣeé fi sílẹ̀ fún yunifásítì, nítorí pé potassium hydroxide ń jó awọ ara, kì í ṣe ohun tí à ń fi lé ọmọdé lọ́wọ́.

Ọ̀ràn ìdánimọ̀ yìí kò sì mọ sí ara ọ̀tá nìkan. Àfòpiná àjòjì ń yé ẹyin rẹ̀ ní ìṣùpọ̀, ọgọ́rùn-ún kan sí igba, ó sì ń fi ìpẹ́ ikùn ara rẹ̀ bò wọ́n bí ẹni fi òwú bo ọmọ. Agbọ́n tínńtínní kan wà tí ń jẹ́ Telenomus remus, tí gígùn rẹ̀ kò tó milimítà kan. Inú ẹyin wọ̀nyí ni ó ń yé ẹyin tirẹ̀ sí, tí ó fi jẹ́ pé agbọ́n ni yóò jáde níbi tí kòkòrò ì bá ti jáde. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n ti ń sìn ín tipẹ́, tí wọ́n ń tú u sínú oko láti fi gbógun ti frugiperda. Àwọn onímọ̀ ń gbèrò bóyá kí wọ́n kó o wá sí Afíríkà, àfi bí àwọn kan ti tú ẹyin tí wọ́n ṣà lóko yẹ̀ wò, tí wọ́n rí àwọn agbọ́n wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀. Dúdú ni gbogbo wọn, wọ́n sì jọ ọ̀pọ̀ Telenomus mìíràn tí kò níye. DNA ni wọ́n fi yẹ̀ wọ́n wò, pẹ̀lú ẹ̀yà ìbímọ akọ wọn tí wọ́n tẹ́ sórí gíláàsì. Ní 2019, wọ́n kéde rẹ̀ pé Telenomus remus gan-an ni, àti pé ó ti wà ní Benin, ní Côte d'Ivoire, ní Niger, ní Kenya àti ní South Africa, láìsí ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ ránṣẹ́ pè é.